Oṣù kẹrin lórí letrozole, oògùn jẹjẹrẹ ọmú: ọwọ́ mi kì í ká láàárọ̀ mọ́, ṣé kí n fi í sílẹ̀ ni?

Ìyá Bọ́sẹ̀ (Ìbàdàn)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin àbúrò mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láìdá sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kàn mí báyìí. Ọmọ ọdún 61 ni mí. Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n gé ọmú mi ti òsì, mo gba kímò (oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ) lẹ́ẹ̀mẹ́fà, mo sì gba ìtànṣán lé e. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ ni dókítà sọ pé wọ́n kọ “ER positive” sínú ìwé àyẹ̀wò mi, pé họ́mọ́nù ló ń bọ́ jẹjẹrẹ tèmi, kí n máa lo letrozole, hóró kan lójúmọ́, fún ọdún 5.

Oṣù méjì àkọ́kọ́ kò ní wàhálà, àyàfi ooru tó máa ń ṣàdédé bò mí lóru. Oṣù kẹta ni nǹkan yí padà. Tí mo bá jí, ọwọ́ mi méjèèjì á ti le gbagidi. Àtàǹpàkò ọ̀tún ló burú jù: tí mo bá ká a, á há síbẹ̀, àfi kí n fi ọwọ́ kejì fà á kó tó nà, á sì dún “kọ́”. Lọ́jọ́ Sátidé, mo gbé omi kaná, mo da èlùbọ́ sí i, mi ò lè di ọmọrogùn mú. Ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún 11, ló bá mi ro ó. Kókó kún inú àmàlà náà, a jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má bínú, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo ti fi oògùn náà sílẹ̀ fún ogún ọjọ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kejì, ara ti ń tù mí. Ẹ̀rù wá bà mí, mo padà sí i, ìrora náà sì padà dé. Àbúrò mi ti gbé àgbo oríkèé wá láti Ìṣẹ́yìn, ìgò márùn-ún, ó ní kí n gbàgbé oògùn òyìnbó. Ọjọ́ tí wọ́n ní kí n padà wá sílé ìwòsàn ṣì ku oṣù kan àtààbọ̀. Kí ni kí n ṣe?

Àbẹ̀ní Peckham

Ẹ kú ìrọ́jú, Màmá. Mo ka ti àtàǹpàkò yẹn, mo rẹ́rìn-ín, kì í ṣe pé mo fi yín ṣẹ̀sín o. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tèmi ṣe. Ẹni ọdún 58 ni mí, anastrozole ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi. Tí mo bá sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, màá máa rìn bí ẹni tó ń tẹ ẹyin. Wọ́n á ti kan ilẹ̀kùn mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó dé ìdí ẹ̀. Mo rò pé òtútù ìlú òyìnbó ni.

Mo fara dà á fún oṣù mẹ́jọ kí n tó lanu sọ̀rọ̀. Oṣù mẹ́jọ òmùgọ̀ ni mo máa ń pè é. Nígbà tí mo sọ, dókítà ní kí n sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó kọ ọjọ́ tí mo máa padà sí oògùn sínú ìwé fún mi, ó wá fún mi ní exemestane dípò anastrozole. Ìrora kò tán pátápátá, ṣùgbọ́n mo ń di irun ọmọ mi báyìí. Oògùn mẹ́ta ni wọ́n nínú ìdílé kan náà, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, ara ẹlòmíràn á sì gba èyí tó kọ èkejì. Mo mọ ẹni tó jẹ́ pé exemestane ló yọ ọ́ lẹ́nu, letrozole ló bá a lára mu.

Èmi náà fi oògùn sílẹ̀, ẹ̀yin náà fi í sílẹ̀. Èyí tó yà wá sọ́tọ̀ ni pé dókítà mi mọ̀, tiyín kò mọ̀. Ẹ pè wọ́n kí ọjọ́ yẹn tó pé, ẹ jọ̀wọ́.

Nọ́ọ̀sì Tóún

Ẹ káàsán mà. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti bá àwọn oníjẹjẹrẹ ṣiṣẹ́ fún ọdún díẹ̀. Èmi kọ́ ni dókítà yín, mi ò sì rí ìwé yín, nítorí náà ẹ fi ohun tí mo bá sọ bi àwọn tó ń tọ́jú yín.

Àwọn èèyàn máa ń fi oògùn yìí sílẹ̀ nítorí pé kò sẹ́ni tó sọ ohun tó ń ṣe fún wọn. Ẹ jẹ́ kí n fi NEPA ṣàlàyé. Nígbà tí obìnrin ṣì ń rí nǹkan oṣù, ilé ẹyin rẹ̀ ló ń pèsè estrogen, họ́mọ́nù obìnrin. Òun ni NEPA. Tí ọjọ́ orí bá dé, NEPA á mú iná lọ, kò ní mú un wá mọ́. Ṣùgbọ́n ní ìlú wa yìí, ta ló ń jókòó sínú òkùnkùn torí NEPA mú iná lọ? Oníkálukú á tan jẹnẹrétọ̀. Ara obìnrin tí kò rí nǹkan oṣù mọ́ náà ní jẹnẹrétọ̀ kéékèèké: inú ọ̀rá, inú iṣan, inú ọmú pàápàá. Ẹṣẹ́ kan wà lórí kíndìnrín tó ń ṣe họ́mọ́nù irú ti ọkùnrin díẹ̀díẹ̀, ìyẹn ni bẹntiróòlù wọn. Ohun kan tó ń jẹ́ aromatase ló ń sọ bẹntiróòlù yẹn di estrogen. Letrozole, anastrozole àti exemestane, aromatase yìí ni wọ́n ń dí lọ́wọ́. Jẹjẹrẹ tó ń jẹ estrogen kò ní rí oúnjẹ.

Tamoxifen, oògùn mìíràn fún irú jẹjẹrẹ yìí, yàtọ̀. Kì í pa jẹnẹrétọ̀ ní tiẹ̀. Inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń ki ara rẹ̀ bọ̀, kí jẹjẹrẹ má rí ibi fi waya rẹ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ṣì ń rí nǹkan oṣù fi lè lò ó, tí ẹni tó ti dáwọ́ dúró náà sì lè lò ó.

Letrozole máa ń jẹ́ 2.5 mg, anastrozole 1 mg, exemestane 25 mg. Kí ẹnikẹ́ni má wo nọ́ńbà yẹn kó ní ti ẹ̀gbọ́n òun lágbára ju tòun lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Oògùn kọ̀ọ̀kan ló ní òṣùwọ̀n tirẹ̀.

Ti oríkèé: òótọ́ ni pé ó wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Wọ́n ṣe ìwádìí kan tó ń jẹ́ IBIS-II, obìnrin 3,864 ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ti kọjá nǹkan oṣù. Wọ́n fún ìdajì ní anastrozole, wọ́n fún ìdajì ní hóró òfìfo tó jọ ọ́, kò sẹ́ni tó mọ èyí tí òun ń jẹ. Nínú 100 tó jẹ oògùn gidi, 64 ló ṣàròyé oríkèé tàbí iṣan. Nínú 100 tó jẹ òfìfo, 58 ni. Ìyẹn ni pé ọjọ́ orí wa náà ní ọwọ́ nínú ẹ̀. Kí á tó di gbogbo ẹrù lé oògùn lórí, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ fítámì D wò, kí wọ́n yẹ ẹṣẹ́ ọrùn wò.

Àbẹ̀ní Peckham

Nọ́ọ̀sì wa, ẹ ṣeun, àlàyé NEPA yẹn dùn. Ṣùgbọ́n ẹ rọra lo nọ́ńbà yẹn o. Màmá fi oògùn sílẹ̀, ìrora lọ. Wọ́n padà sí i, ìrora dé. Ta ló tún ń wá ẹlẹ́rìí? Ọdún kan gbáko ni èmi fi gbọ́ “ọjọ́ orí ni” lẹ́nu àwọn èèyàn.

Nọ́ọ̀sì Tóún

Ẹ jàre mi, Àǹtí. Ti Màmá jọ ti oògùn lóòótọ́, àtàǹpàkò tó ń há yẹn pàápàá wà lára ohun tí a máa ń rí. Ohun tí mo ń sá fún ni kí ẹni tí jẹjẹrẹ ti wọ̀ ọ́ légungun máa rò pé oògùn ló ń dun òun. Ìrora tó wà lójú kan ṣoṣo, tó ń le sí i lójoojúmọ́, tó ń jí èèyàn lóru, ẹ má fi ìyẹn sílé.

Alhaja Sídí (Òṣogbo)

As-salāmu alaykum. Ìyá Bọ́sẹ̀, ọdún kẹrin rèé tí mo wà lórí letrozole, mo sì ti lé 66. Tèmi ò pọ̀ lọ́wọ́, orúnkún ni. Mi ò lè forí kanlẹ̀ kírun fún bí ọdún kan, orí àga ni mo ti ń kí i. Ohun tó gbà mí ni rírìn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo rìn láti ilé mi dé ibi tí wọ́n ti ń lọ ata, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, mo sunkún. Lọ́jọ́ kejì mo tún lọ. Ó gbà mí tó oṣù méjì kí n tó mọ̀ pé mo ń kọjá ibi alọta láìdúró. Ara líle yẹn, jíjókòó ló ń bọ́ ọ.

Àgbo wá. Mi ò bú àgbo, àgbo ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ àbúrò yín: kí ló wà nínú ìgò yẹn? Obìnrin kan wá sílé wa, ó ní oògùn “onírúgbìn” tó ń lé ooru àgbàlagbà lọ, láti òkè òkun. Mo lò ó fún oṣù kan, ooru náà sì lọ lóòótọ́. Nígbà tí mo mú ike rẹ̀ dé iwájú dókítà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí, ó ní ohun tó ń ṣe bí estrogen wà nínú rẹ̀. Ẹ gbọ́ ná: mo ń gbé oògùn mì láàárọ̀ láti fi ebi pa jẹjẹrẹ, mo sì ń fún un lóúnjẹ lálẹ́.

Ìyá Gbádé (Houston)

Alhaja, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ sì dẹ́rù bà mí. Ṣé beske náà kò burú báyìí? Wọ́n ní soya ní họ́mọ́nù.

Nọ́ọ̀sì Tóún

Beske, wàrà soya, ẹ̀wà, ẹ jẹ ẹ́ bí oúnjẹ, kò sí wàhálà. Hóró soya tí wọ́n fún pọ̀ sínú ike tí wọ́n ń tà bí oògùn, ẹ yẹra fún ìyẹn. Bákan náà ni oògùn “dapadà sí ọ̀dọ́” àti hóró họ́mọ́nù tí wọ́n ń fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwọ́ nǹkan oṣù dúró.

Fúnmi O.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin màmá. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè. Ọmọ ọdún 44 ni mí. Kímò ló dá nǹkan oṣù mi dúró, oṣù kẹjọ rèé. Tamoxifen ni mò ń lò, ó sì ti wọ́n. Àǹtí kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní páálí letrozole mẹ́rin tí wọn ò lò tán, wọ́n ní kí n wá gbà á, pé òun ló dára jù. Níwọ̀n ìgbà tí mi ò rí nǹkan oṣù mọ́, ṣé mo lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Tóún

Rárá o, àbúrò mi. Jọ̀wọ́ má fọwọ́ kàn án.

Ẹni ọdún 44 tí kímò mú nǹkan oṣù rẹ̀ lọ, a ò tíì lè sọ pé ó ti kọjá nǹkan oṣù. NEPA mú iná lọ ni, ó lè má tíì gé waya. Ó lè mú un wá lọ́dún kan, lọ́dún méjì, láìjẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ wá pàápàá. Tí o bá wá lo letrozole nígbà tí ilé ẹyin ṣì wà láàyè, ọpọlọ á rí i pé estrogen dín kù, á pàṣẹ fún ilé ẹyin pé kó tún múra sí iṣẹ́. Ṣé o mọ̀ pé letrozole yìí kan náà ni àwọn dókítà máa ń fún àwọn tó ń wá ọmọ kí ẹyin lè jáde? Òun ni. O lè lóyún níbi tí o ti rò pé o ń tọ́jú jẹjẹrẹ, oògùn náà ò sì dára fún ọmọ inú.

Tí dókítà bá fẹ́ fún obìnrin tí kò tíì kọjá nǹkan oṣù ní irú oògùn yìí, wọ́n á kọ́kọ́ ti ilé ẹyin pa. Abẹ́rẹ́ goserelin wà tí wọ́n ń gún sí abẹ́ awọ ikùn ní ọjọ́ 28, 28, tàbí kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ yọ ilé ẹyin. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì wà láti mọ ibi tí nǹkan dé. Máa lo tamoxifen rẹ lọ, kí o sì sọ ti owó fún wọn, ẹ̀ka tó ń rí sí ìrànlọ́wọ́ máa ń wà láwọn ilé ìwòsàn ìjọba.

Fúnmi O.

Háà. Mo ti gbé páálí kan wálé. Mo máa dá a padà fún wọn lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun.

Alhaja Sídí (Òṣogbo)

Àdúpẹ́ pé o béèrè. Àǹtí yẹn fẹ́ ṣoore, ẹ má bínú sí wọn.

Bàbá Dámiláre (Abẹ́òkúta)

Ẹ jẹ́ kí ọkùnrin kan dá sí i. Ìyàwó mi ló ń lo anastrozole, èmi ni mò ń rà á. Owó ẹ̀ kì í dúró sójú kan, orúkọ tó wà lára páálí náà kì í dúró sójú kan. Ní oṣù yìí, ti Íńdíà; ní oṣù tó ń bọ̀, ilé iṣẹ́ mìíràn. Mo máa ń jà tẹ́lẹ̀ pé wọ́n fẹ́ fún mi ní ayédèrú, títí apòògùn kan fi kọ́ mi pé kí n yé wo orúkọ gàdàgbà iwájú, kí n ka èyí tí wọ́n kọ wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀: anastrozole 1 mg. Tí ìyẹn bá bára mu, oògùn kan náà ni.

Ṣùgbọ́n ayédèrú wà o. Lọ́jà oògùn kan l’Ékòó, wọ́n tà á fún mi ní owó pọ́ọ́kú, inú mi dùn. Ilé ni mo ti rí i pé ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́ lára páálí yàtọ̀ sí èyí tó wà lẹ́yìn sáṣẹ́ẹ̀tì. Mo gbé e jù sínú ṣáláńgá, owó mi lọ. Láti ọjọ́ náà, ilé oògùn tó ní apòògùn gidi nìkan ni mo ń lọ, mo ń wo nọ́ńbà NAFDAC, mo ń gba rìsíìtì, mo sì ń ra ti oṣù méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ nígbà tí owó bá wà kó má baà tán mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ má fi sínú mọ́tò o. Oòrùn Abẹ́òkúta yìí á bà á jẹ́.

Mo máa ń fi bírò kọ ọjọ́ sí ẹ̀yìn sáṣẹ́ẹ̀tì: Mọ́ńdè, Túsìdeè. Ìyàwó mi ní mò ń ṣe é bí ọmọ iléèwé, ṣùgbọ́n kò gbàgbé mọ́. Tó bá gbàgbé, a kì í jẹ méjì lọ́jọ́ kejì, kan náà ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ohun kan tún wà tí ojú ń tì mí láti béèrè. Ọ̀rọ̀ yàrá. Ó ní ó máa ń dun òun, ó wá ń sá fún mi. Mi ò bínú, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe.

Alhaja Sídí (Òṣogbo)

Bàbá Dámiláre, Ọlọ́run á bù kún yín. Ọkùnrin mélòó ló ń béèrè? Tí estrogen bá lọ, ojú ara obìnrin á gbẹ, awọ ibẹ̀ á fẹ́lẹ́, á máa ta bí ẹni fi ata sí i. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn yín mọ́. Jẹ́ẹ̀lì wà nílé oògùn tí wọ́n ń fi yọ̀ ọ́ nígbà tí ẹ bá fẹ́ wà pọ̀, èyí tí omi wà nínú ẹ̀ ni kí ẹ béèrè. Òmíràn tún wà tí obìnrin máa ń fi sí i bí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀, bí a ṣe ń fi ìpara sí ojú, yálà ẹ fẹ́ wà pọ̀ tàbí ẹ ò fẹ́. Ìpara tó ní estrogen nínú, kí ìyàwó yín má rà á fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà tó ń tọ́jú jẹjẹrẹ ló fọwọ́ sí i. Àti álọ́ọ̀mù, àti àwọn nǹkan tí àwọn ìyá ọlọ́jà ń tà pé ó ń mú un “fún”, áà! Ẹni tó ti gbẹ, ẹ tún ń fi ohun tó ń gbẹ nǹkan sí i?

Ẹ sì fi sùúrù sí i.

Ìyá Gbádé (Houston)

Mo fẹ́ sọ ti egungun kó má bọ́ sẹ́yìn, torí mi ò rí ẹni tó mẹ́nu bà á. Mi ò ní ìrora kankan. Àní kankan. Mo máa ń yangàn pé oògùn yìí bá mi lára mu. Ọdún kejì, mo yọ̀ nínú balùwẹ̀, mo fi ọwọ́ tilẹ̀, ọrùn ọwọ́ mi dá sí méjì. Ìṣubú tí ọmọdé á dìde níbẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n ya àwòrán egungun mi, èyí tí wọ́n ń pè ní DEXA, ó ti fúyẹ́ ní ìbàdí àti ní ẹ̀yìn, láìdún mi rí.

Estrogen ló ń báni ṣọ́ egungun. Ẹ lọ ya àwòrán yẹn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ tàbí láìpẹ́ sí i. Wọ́n ń fún mi ní zoledronic acid báyìí, wọ́n ń fà á sí mi lára ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, pẹ̀lú kálísíọ̀mù àti fítámì D. Alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ibà mú mi bí ibà pọ́njú, ó lọ lọ́jọ́ kejì. Kí wọ́n tó fún mi, wọ́n ní kí n lọ bá dókítà eyín, kí wọ́n yọ eyín tó bá ti bàjẹ́, torí oògùn náà lè dá egbò sí egungun àgbọ̀n tí wọ́n bá yọ eyín lẹ́yìn tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Eyín méjì ni mo yọ.

Nọ́ọ̀sì Tóún

Ẹ ṣeun gan-an, Ìyá Gbádé. Èmi ló yẹ kí n sọ ọ́. Nínú ìwádìí ATAC tí wọ́n fi anastrozole wé tamoxifen láàárín obìnrin tó lé ní 9,000, lẹ́yìn oṣù 68, 11 nínú 100 ló ti dá egungun ní ọ̀dọ̀ anastrozole, ní ọ̀dọ̀ tamoxifen kò tó 8. Anastrozole ló sì borí nínú dídènà kí jẹjẹrẹ padà wá. Tamoxifen náà ní tirẹ̀: ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀, ó sì lè fa jẹjẹrẹ inú ilé ọmọ, ní pàtàkì lára àgbàlagbà. Ẹni tó bá ń lò ó tó rí ẹ̀jẹ̀ lójú ara lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dúró, tàbí tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wú tó ń dùn, tàbí tí mímí ń nira, ọjọ́ yẹn náà ni kó lọ.

Àwọn tí kò rí ẹ̀rọ DEXA nítòsí, fítámì D àti ìrìn ẹsẹ̀ kò gba ẹ̀rọ. Egungun ṣàwá tó rọ̀ tí ẹ ń jẹ mọ́ ẹja, kálísíọ̀mù ni. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì tó ń yọ̀ kúrò ní ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀.

Ìyá Bọ́sẹ̀ (Ìbàdàn)

Mo ka gbogbo ẹ̀, mo tún un kà. Àdúrà ni mo ń gbà fún yín. Ojú tì mí láti pe ilé ìwòsàn náà torí ogún ọjọ́ yẹn. Dókítà yẹn le. Ìgbà kan tí mo pẹ́ dé, ó pariwo mọ́ mi lójú gbogbo èèyàn. Aago 5 ni mo ti máa ń jáde nílé kí káàdì mi lè wà lókè, aago 2 ni wọ́n máa ń rí mi, ìṣẹ́jú mẹ́rin ni mo ń lò nínú yàrá. Níbo ni n ó ti rí àyè sọ ti àtàǹpàkò?

Alhaja Sídí (Òṣogbo)

Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ohun mẹ́ta, kó má jù bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ́ ìwé náà síwájú rẹ̀ kí ẹ tó jókòó. Wọ́n máa ń ka ohun tí wọ́n bá rí lákọsílẹ̀, mi ò mọ ìdí ẹ̀.

Àbẹ̀ní Peckham

Ẹ mú ọmọ yín kan lọ, èyí tí ẹnu ẹ̀ mú jù.

Ìyá Bọ́sẹ̀ (Ìbàdàn)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti lọ. Bọ́sẹ̀ bá mi lọ. Dókítà mìíràn ni a bá, ọ̀dọ́mọdé, obìnrin. Mo gbé ìwé síwájú ẹ̀ bí Alhaja ṣe wí: ọwọ́, ogún ọjọ́, àgbo. Mo ń gbọ̀n. Ó kà á, kò pariwo. Ó ní àwọn tó ń fi í sílẹ̀ pọ̀, àwọn tó ń sọ ló kéré. Ó tẹ ìdí àtàǹpàkò mi, mo ké, ó ní iṣan tó ń fà á ló wú nínú àpò rẹ̀. Ó bi mí nípa àgbo, mo ní díẹ̀ péré ni mo ti tọ́ wò nínú ẹ̀. Ó ní kí n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná, pé èmi ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, òun náà ò mọ̀, ẹ̀dọ̀ mi nìkan ló máa mọ̀.

Wọ́n yẹ fítámì D mi wò, ó lọ sílẹ̀ gan-an. Ó ní kí n sinmi letrozole fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó kọ déètì sórí káàdì, ó fi ìlà méjì sí i nídìí, pé lọ́jọ́ yẹn kí n bẹ̀rẹ̀ exemestane. Parasítámọ̀ ló ní kí n máa lò bí ó bá dùn, pé torí ẹ̀jẹ̀ ríru mi, kí n má máa lo oògùn ìrora tí mò ń rà nídìí tábìlì. Wọ́n kọ ìwé àwòrán egungun. Àbúrò mi ń bínú díẹ̀ torí ìgò márùn-ún rẹ̀. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ràn rẹ̀, kí ó bá mi máa rìn lálẹ́ tó bá wá, ó ní òun náà ní orúnkún.

Mo ti ń rìn. Láti ilé wa dé Mókọ́lá, mo sì ń gun ọkọ̀ padà. Lánàá mo di ọmọrogùn mú, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi dì í o, mo sì fi aṣọ yí ìdí rẹ̀ kó lè nípọn. Kókó méjì péré ló wà níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Tóún

Ẹ kú oríire mà! Aṣọ tí ẹ yí mọ́ ọmọrogùn yẹn, èmi á máa sọ ọ́ fún àwọn ẹlòmíràn. Exemestane, lẹ́yìn oúnjẹ ni kí ẹ máa lò ó. Kò dà bíi letrozole tí ẹ lè lò yálà ẹ ti jẹun tàbí ẹ ò tíì jẹun.

Ìyá Ṣakírá (Ìwó)

Ẹ dákun, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Exemestane ni tèmi, Ramadan sì ń bọ̀. Ṣé ìgbà sàárì ni kí n lò ó tàbí ìgbà ìṣínu?

Nọ́ọ̀sì Tóún

Èyíkéyìí tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, kó ṣáà jẹ́ pé àkókò kan náà ni lójoojúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ gidi. Kì í ṣe dàbínù àti omi. Tí dókítà bá ti sọ pé kí ẹ má gbààwẹ̀ nítorí nǹkan mìíràn, ìyẹn yàtọ̀.

Alhaja Sídí (Òṣogbo)

Lẹ́yìn ìṣínu, Ìyá Ṣakírá. Ní sàárì, oorun ṣì wà lójú wa, a lè rò pé a ti lò ó.